Lẹ́tà Méjìdínlógún Lára Idà Odò Witham

Ìwé òfin la lọ wò, idà la gbé bọ̀ lọ́kàn. Ọdún 2015 ni, ọdún tí ìwé Magna Carta pé 800 ọdún, tí British Library ní Lọ́ńdọ̀nù pàtẹ rẹ̀ fún gbogbo ayé. Màámi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, wọ́n wá láti Ìwó láti bá wa tọ́mọ, mo sì ní kí n mú wọn jáde lọ́jọ́ Sátidé kan kí ilé má baà sú wọn. Èrò pọ̀ nídìí awọ tí wọ́n kọ òfin ayé Ọba John sí lára débi pé ìpàkọ́ àwọn ẹlòmíràn nìkan là ń rí. Ìgbà tí ó yá, Màámi fi wá sílẹ̀ níbẹ̀. Níwájú àpótí oníjígí kan ni mo ti lọ bá wọn. Wọ́n ti káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n tẹ̀ síwájú, imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan jígí.

"Kí ni wọ́n kọ síbí?"

Idà kan ló nà gbalaja nínú àpótí náà. Irin rẹ̀ ti ṣú, ojú rẹ̀ méjèèjì sì wà síbẹ̀. Èèkù rẹ̀ rí bí àgbélébùú, irú èyí tí a máa ń rí lọ́wọ́ àwọn ajagun inú àwòrán ilé ìjọsìn wọn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 96.4: tí mo bá nà án ró sílẹ̀, ìbàdí ni yóò kàn mí. Kìlógíráàmù 1.2 ni ìwúwo rẹ̀. Ike omi onílítà kan kò fi bẹ́ẹ̀ fúyẹ́ jù ú lọ, síbẹ̀ àwọn tó pàtẹ rẹ̀ ní ẹni tó bá fi agbára sọ ọ́ lé èèyàn lórí lè la orí náà sí méjì.

Ṣùgbọ́n ohun tó fa Màámi wà lójú irin gan-an. Lẹ́tà ni, wúrà sì ni. Ẹ má rò pé wọ́n kùn ún ni o. Oníṣẹ́ ọwọ́ kan ló fi irin mímú fín ojú idà náà ní ìrísí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó wá tẹ wáyà wúrà tín-ín-rín sínú ojú fínfín náà, ó fi òòlù lù ú wọlé títí tó fi jókòó sára irin. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé àwọn ìlà náà kò tọ́ bíi ti ẹ̀rọ. Ọwọ́ èèyàn wà lára wọn: ibì kan fẹ̀ díẹ̀, ibì kan sún kì. Àgbélébùú kékeré kan ló ṣáájú, òmíràn ló kẹ́yìn, lẹ́tà méjìdínlógún sì wà láàárín wọn láìsí àlàfo kankan:

+NDXOXCHWDRGHDXORVI+

Mo kà á sókè fún Màámi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ṣe ń ka ABD. Wọ́n ní kí ló túmọ̀ sí. Mo ka pépà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tán, mo ní, "Màámi, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kà. Àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbìyànjú tì."

Kò yà wọ́n lẹ́nu rárá. "Ta ló sọ fún wọn pé àwọn ni wọ́n kọ ọ́ sí?" Wọ́n tún wò ó. "Tírà nìyẹn."

Wọ́n bá kúrò níbẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn, British Library kéde lórí ayélujára pé kí ẹni tó bá mọ ohun tí lẹ́tà náà ń sọ wá ran àwọn lọ́wọ́. Èsì ya wọlé bí omi. Àwọn kan ní Látìn ni, àwọn kan ní èdè àwọn ará Wales ayé àtijọ́ ni, àwọn mìíràn ní ńṣe ni wọ́n ṣa lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú àdúrà kan jọ. Alaalẹ́ ni mo ń kà wọ́n, bí ọmọ bá ti sùn. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an, nítorí ó dára kí èèyàn rí i pé ohun tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ṣì lè gba oorun lójú àjèjì. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn, ohun tí idà náà wí ni wọ́n ń bèèrè. Màámi nìkan ni mo gbọ́ tó bèèrè ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Inú odò ni wọ́n ti yọ ọ́, ní oṣù keje ọdún 1825. Witham lorúkọ odò náà, ó gba ìlú Lincoln kọjá ní ìhà ìlà-oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń lọ sí òkun ní Boston. Amòfin tó ń kọ̀wé fún Bíṣọ́ọ̀bù Lincoln ló fi í ta ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́rẹ, British Museum ló sì ni ín báyìí. Wọ́n fojú bù ú pé àárín 1250 sí 1330 ni wọ́n rọ ọ́. Ó jọ pé Jámánì ni irin rẹ̀ ti wá, nítorí àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ ni gbogbo Yúróòpù ń wá rà lọ́wọ́ wọn nígbà náà.

Kíkọ nǹkan sójú idà kì í ṣe tuntun ní ọ̀dọ̀ wọn. Ní bí ọ̀rúndún kẹsàn-án, orúkọ ni wọ́n ń kọ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni VLFBERHT, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí i lójú idà, wọ́n á ti mọ̀ pé ojúlówó ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń kọ ayédèrú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ INNOMINEDOMINI, "ní orúkọ Olúwa". Ẹ wo bí nǹkan ṣe yí: orúkọ alágbẹ̀dẹ kúrò lójú idà, orúkọ Olúwa gbapò rẹ̀. Ìgbà tó fi máa di ọ̀rúndún kẹtàlá, ọ̀rọ̀ náà ti sún kì, ó ti di lẹ́tà ṣákálá tí a kò lè pè jáde lẹ́nu.

Olùwádìí ará Netherlands kan, Marc van Hasselt, ṣàlàyé pé idà irú èyí tó bíi méjìlá ni wọ́n ti rí, láti Poland dé Faransé, láti Sweden dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tirẹ̀, Látìn ni èdè náà, ND tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè jẹ́ Nomine Domini, XOX sì lè máa tọ́ka sí Mẹ́talọ́kan. Lẹ́tà X ni àwọn Gíríìkì fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ Kristi, àwọn mọ́ńkì sì ti ń fi gé orúkọ náà kúrú tipẹ́tipẹ́. Mo gba àlàyé yìí gbọ́ ju àwọn yòókù lọ. Ó kàn jẹ́ pé bí ẹ bá ti kọjá XOX, ilẹ̀ ṣú nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ àwọn ajagun tó ń lo irú idà yìí kò gbọ́ Látìn. Ẹni tó sanwó wúrà pé kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ sójú irin òun, tí òun fúnra rẹ̀ kò lè kà á, tí ọ̀tá tó máa kọjú idà náà sí kò ní ráyè kà á, ta ló wá kọ ọ́ sí?

Mo mọ èsì ìbéèrè yìí láti kékeré, mo kàn gbàgbé ni.

Ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gìrì máa ń gbé mi. Bàbá tó bí Màámi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Àáfáà, kọ tírà kan fún mi. Wọ́n kọ ọ́ sórí pépà, wọ́n ká a títí tó fi kéré ju èékánná àtàǹpàkò lọ, wọ́n gbé e fún oníṣọ̀nà tó fi awọ ewúrẹ́ rán an pa. Apá òsì ni mo ń so ó mọ́. Òórùn awọ náà àti ti òógùn ara mi ṣì wà nímú mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo ti ń lọ sí ilé kéú nígbà yẹn, mo ti mọ lẹ́tà wọn dunjú, ìgbéraga ọmọdé sì wọ̀ mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ilé dá, mo mú bíléèdì, mo gé òwú ara awọ náà, mo sì tú u. Mo tẹ́ pépà náà sórí ẹní. Bí mo ṣe ń ṣí i ló ń fọ́ ní ojú ibi tí wọ́n ti ká a. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni àpótí kéékèèké tí wọ́n fà ní ìlà, bí ojú ilé ayò, nọ́ńbà wà nínú àwọn kan, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà nínú àwọn kan. Yíká wọn ni lẹ́tà mìíràn tò lọ láìso mọ́ra wọn. Mo mọ gbogbo lẹ́tà náà. Mo lè pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí mo lè sọ pé mo kà.

Bàbá Àáfáà ni wọ́n kọ́kọ́ wọlé. Mo ti ń gbọ̀n kí wọ́n tó sọ nǹkan kan. Wọ́n jókòó tì mí lórí ẹní, wọ́n ní, "O ti kà á?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Kò yé mi."

"Kò lè yé ọ. Kì í ṣe ìwọ ni mo kọ ọ́ sí."

Wọn kò nà mí. Wọ́n rán mi létí ohun tí èmi náà ń ké ní ilé kéú ní ojoojúmọ́ pé súrà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú Kùránì ló fi lẹ́tà ṣákálá bẹ̀rẹ̀. Àlífù, Láàmù, Míìmù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń pè wọ́n, a kì í so wọ́n pọ̀, ohun tí wọ́n túmọ̀ sí sì wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. "Ṣé o ti bèèrè lọ́wọ́ Àáfáà rẹ rí pé kí ló túmọ̀ sí?" Mo ní rárá. "Ṣé ìyẹn ní kí o má kà á?"

Òun náà ni Màámi rántí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnu bàbá wọn ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, èmi ni kò tètè gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n padà sídìí odò, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ yìí ti kún jù. Witham kì í ṣe odò lásán. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin lọ́dún 1762 láti fa omi kúrò ní ilẹ̀ àbàtà tó yí i ká kí wọ́n lè fi dáko, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ odò náà, wọ́n ń tọ́ ọ sọ́nà. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látinú ẹrẹ̀. Ọdún kan péré lẹ́yìn idà wa yìí, ní 1826, wọ́n rí asà onídẹ kan níbẹ̀ tó ti wà nílẹ̀ kí àwọn ará Róòmù tó dé erékùṣù náà. Tí ẹ bá wo ojú asà náà dáadáa, ẹ óò rí òjìji ẹlẹ́dẹ̀ igbó ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ ọn rí. Ní 1848, idà mìíràn tún jáde, ti ayé àwọn Viking, LEUTFRIT ni wọ́n kọ sójú tirẹ̀.

Ní abúlé Fiskerton, kò jìnnà sí Lincoln, àwọn awalẹ̀pìtàn wú afárá onígi kan jáde lọ́dún 1981. Wọ́n ka òrùka inú igi rẹ̀, wọ́n rí i pé ọdún 457 sí 456 kí wọ́n tó bí Jésù ni wọ́n gé àwọn tó pẹ́ jù nínú wọn. Wọ́n ń tún un ṣe fún ìran tó pọ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ sì rí i pé ọdún tí wọ́n ń gé igi tuntun bá àkókò tí òṣùpá ṣókùnkùn lójú ọ̀run mu. Idà, ọ̀kọ̀ àti irinṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wà nísàlẹ̀ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá náà. Èèyàn kì í ṣèèṣì sọ gbogbo ìyẹn nù.

Ohun tí mo rò ni pé ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ á dé, àṣà náà á sì parẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn méjì, David Stocker àti Paul Everson, yẹ àfonífojì náà wò láti Lincoln lọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì ṣàkíyèsí pé níbi tí àwọn ọ̀nà àtijọ́ ti gba inú àbàtà kọjá odò, níbẹ̀ gan-an ni àwọn mọ́ńkì àti àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn kọ́ ilé wọn sí: Bardney, Tupholme, Stainfield, Barlings, Kirkstead, Stixwould. Níbẹ̀ náà sì ni ohun ìjà ti pọ̀ jù nínú omi, kì í ṣe ti ayé àwọn abọ̀rìṣà nìkan, ti ayé àwọn onígbàgbọ́ náà wà níbẹ̀, títí di ọ̀rúndún kẹrìnlá. Lẹ́yìn ìyẹn ló dáwọ́ dúró. Àwọn méjèèjì rò ó pé ńṣe ni àṣà náà ṣí lọ sí inú ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohun ìjà olóògbé kọ́ sókè ibojì rẹ̀.

Ibi tó bá mi lára nìyí. Ọ̀rúndún kẹrìnlá ni ọjọ́ orí idà wa yìí parí sí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó wà lára àwọn tó kẹ́yìn.

Àwọn Yorùbá ní bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tí ì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa bàbá rẹ̀. Mo máa ń rò ó ní òdìkejì. Bí ẹni tó ni idà bá kú, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì gbé idà náà sọ sódò, wọ́n ti yọ èèkù lọ́wọ́ ọmọ nìyẹn. Idà náà ti ṣe tirẹ̀ tán. Wọn ò tà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ńlá ni. Wọn ò yọ wúrà ara rẹ̀. Wọ́n gbé e fún ẹni tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí.

Mo lọ síbẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ọkọ̀ ojúurin gbé mi dé Lincoln, mo sì gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà lẹ́bàá odò, níbi tí rélùwéè àtijọ́ gbà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ náà tẹ́jú pẹrẹsẹ. Bí mo ṣe ń rìn lọ tó, tí mo bá bojú wẹ̀yìn, kàtídírà Lincoln ṣì wà lókè tó ń wò mí. Odò náà tọ́ bí okùn tí wọ́n fà le, torí ọwọ́ èèyàn ti tún un gbẹ́. Omi rẹ̀ dúdú bí àgbo. Mo tẹ ọwọ́ bọ ẹrẹ̀ etí rẹ̀, ó tutù, ó ń fà bí ọ̀bẹ̀ ilá. Irú ẹrẹ̀ yìí ló gba idà náà lọ́wọ́ ìpẹtà: afẹ́fẹ́ kì í ráyè wọnú rẹ̀, irin tó bá sì bọ́ lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ lè pẹ́ kó tó jẹrà. Ní ti wúrà, kò sóhun tí omi lè fi ṣe.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí bí ọ̀rọ̀ tírà mi ṣe parí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Bàbá Àáfáà ṣa pépà tó ti fọ́ náà jọ sínú aṣọ funfun kan, wọ́n gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wọn, ó di odò Ọbà. Ìwó Olódò Ọbà, bí wọ́n ṣe ń kì wá. Wọ́n ní ohun tí a bá kọ orúkọ Ọlọ́run sí, a kì í sọ ọ́ sórí ààtàn, a kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, omi tó ń ṣàn ni a fi í fún. Wọ́n ní kí èmi fúnra mi gbé e sílẹ̀. Pépà náà léfòó díẹ̀, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, tàdáwà ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú omi, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, títí tí n kò fi mọ èyí tó jẹ́ pépà mọ́ nínú ìfóòfó etí odò. Gìrì kò gbé mi mọ́ lẹ́yìn náà, bóyá torí pé mo ti ń dàgbà ni.

Mo pe Màámi lórí WhatsApp láti etí odò Witham. Mo yí fóònù síbi omi kí wọ́n rí i. "Omi yìí ò mà fi bẹ́ẹ̀ ṣàn," ni wọ́n wí. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní kí n ka lẹ́tà ara idà yẹn fún àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti wà lórí mi láti ọjọ́ yìí, mo bẹ̀rẹ̀ láti N. Bí mo ṣe ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè é tẹ̀lé mi, bí ọmọ ilé kéú ṣe ń pè é tẹ̀lé àáfáà, wọn ò sì fo ìkankan títí a fi dé I. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè bóyá mo wọ kóòtù, torí atẹ́gùn tí àwọn ń gbọ́ nínú fóònù náà pọ̀.